Nọ́ńbà Àwòrán Kì Í Ṣe Ọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ère òkúta Èsìẹ́ lé ní ẹgbẹ̀rún. Láti 1945 ni wọ́n ti ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn jọra bí ìbejì. Bí ìwé wa bá ní kí á wo Àwòrán 7, tí ère tí à ń sọ sì wà ní Àwòrán 8, a ti fi ìyá han ẹni tí ń wá bàbá.

Ọwọ́ tí a fi ń tẹ nọ́ńbà ló fà á. Bí a bá ki àwòrán tuntun kan bọ àárín, gbogbo ìtọ́ka tó kù ṣìnà.

Àwọn kan ní àyè kò sí. N kò gbà! Nínú Word, Insert Caption ni yóò fún àwòrán ní nọ́ńbà. New Label ni a ó fi kọ “Àwòrán” dípò “Figure”. Cross-reference ni yóò tọ́ka sí i. Bí iṣẹ́ bá parí, kí á tẹ Ctrl+A, kí á tẹ F9, ìtọ́ka gbogbo yóò sì bá nọ́ńbà mu.

Ẹni tí ń kọ ìtàn Ìgbómìnà, tí ó sì ń ṣi òǹkàwé lọ́nà, ta ni ó ń kọ ọ́ fún?