Ẹni Tó Dé Lẹ́yìn Aago

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 2015, ní ìlú Kona ní erékùṣù Hawaii, bàbá ará Japan kan, ẹni ọdún 82, ń bọ̀ lójú pópó Alii Drive. Ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́. Àtàárọ̀ ló ti wà lẹ́nu rẹ̀: ó ti wẹ òkun já, ó ti gun kẹ̀kẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, eré tó sì kù nílẹ̀ ti di ìrìn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Èrò tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ń pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó ku ìṣísẹ̀ díẹ̀ kó dé òpin, bàbá ṣubú. Ó dìde. Ó tún ṣubú. Nígbà tó fi máa kọjá ìlà, àkókò tí òfin gbà ti pé, ó sì ti lé. Ohun tó fi lé kò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá.

Hiromu Inada ni orúkọ bàbá náà. Oníròyìn ni tẹ́lẹ̀. Ìwé èsì ọdún yẹn kò kà á mọ́ àwọn tó parí.

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí nílẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire, a mọ ohun tó máa kọ́kọ́ sọ: “Ẹ̀yin èèyàn yìí ò mà láàánú o! Bàbá àgbà? Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó gan-an?” Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ níbí ni pé àwọn tó ń ṣọ́ aago kò ṣe é tì. Ohun tó tọ́ sí bàbá náà gan-an ni wọ́n ṣe fún un.

Triathlon ni wọ́n ń pe eré náà: ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ gígùn àti eré sísá, lọ́jọ́ kan náà, tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń pa èèyàn kú. Èyí tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń ṣe kò ju mítà 750 nínú omi, kìlómítà 20 lórí kẹ̀kẹ́ àti kìlómítà 5 lórí ẹsẹ̀. Ti Olympic, tó kọ́kọ́ wáyé ní Sydney lọ́dún 2000, jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn. Ṣùgbọ́n Ironman tí Inada lọ ṣe, ìran mìíràn ni: kìlómítà 3.8 nínú òkun, 180 lórí kẹ̀kẹ́, 42.2 lórí ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí 180 ṣe rí, kó rò ó pé òun gbéra l'Ékòó, òun gba Ìbàdàn kọjá, òun ò sì sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ títí òun fi ń wo Ọ̀yọ́ Aláàfin lọ́ọ̀ọ́kán. Bó bá wá sọ̀ tán, odidi marathon kan ló kù.

Àwọn tó dá eré yìí sílẹ̀ kì í ṣe ìlú-mọ̀ọ́ká. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, Jack Johnstone àti Don Shanahan kó èèyàn mẹ́rìndínláàádọ́ta jọ sí Mission Bay ní San Diego, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ ṣú mọ́ àwọn tó kẹ́yìn sínú omi, ni wọ́n bá tan iná mọ́tò sójú omi kí wọ́n lè rí ọ̀nà jáde. Tọkọtaya kan wà láàárín wọn, John àti Judy Collins. Ọmọ ogun ojú omi ni ọkọ. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Hawaii, àwọn ló gbé Ironman kalẹ̀ lọ́jọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1978. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló bẹ̀rẹ̀, méjìlá ló parí. Gordon Haller tó ṣe ipò kìíní, takisí ló ń wà. John Dunbar tó ṣe ipò kejì, omi tán lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé e, ni wọ́n bá gbé bíà fún un. (Ẹni tó bá ti mu bíà nínú oòrùn ọ̀sán rí mọ ibi tí ìyẹn máa ń yọrí sí.)

Títí dòní, àwọn tó ń fi triathlon jẹun kò tó nǹkan láàárín àwọn tó ń ṣe é. Àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́ báńkì, wọ́n ń kọ́ ọmọ níwèé, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn. Ìdájí ni wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò, kí ọ̀gá tó máa wá wọn níbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ ìdíje, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ti wà níbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́. Á to bàtà rẹ̀ sílẹ̀, á tú okùn rẹ̀, á dojú akoto dé kó lè yá gbé kárí. Wọ́n á fi máákà kọ nọ́ńbà sí i lápá bí ẹni sàmì sára àgbò iléyá. Lẹ́yìn náà, omi.

Omi ló ń dán ọkàn wò jù. Nínú adágún tí wọ́n ti kọ́ ìwẹ̀, ìlà dúdú wà nísàlẹ̀ tí ojú ń tẹ̀ lé; nínú òkun, kò sí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ẹni iwájú ń gbáni lójú, ọwọ́ ẹni ẹ̀yìn ń fa awò ojú ẹni, omi iyọ̀ ń wọ ọ̀fun. Òmùwẹ̀ gidi lè gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mí. Òfin eré náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fàyè gbà á: ẹni tí àyà rẹ̀ bá já lè di ọkọ̀ kékeré àwọn ẹ̀ṣọ́ mú, kó mí kanlẹ̀, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ kó gbé òun síwájú. Bó bá na ọwọ́ sókè, wọ́n á wá gbé e.

Lórí ilẹ̀, òfin tún ń dúró dè é. Kò gbọdọ̀ yẹ kẹ̀kẹ́ kúrò níbi tó kọ́ sí láìtíì de okùn akoto mọ́ àgbọ̀n. Ìkánjú ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di àwàdà ni ìgbà tí wọ́n bá sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ tó ti ń yí róbótó láti ìgbà pípẹ́ ò rántí bí wọ́n ṣe ń sáré mọ́. Ó wúwo, ó ń gbọ̀n, àfi bí ẹsẹ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí sárésáré á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n lára kì í fòyà. Bí wọ́n bá rọra lọ díẹ̀, ẹsẹ̀ á padà di tiwọn.

Gbogbo èyí, aago ń wò ó. Ní Kona, ẹni tí kò bá jáde lómi kí wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú tó pé, wọ́n á gba ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àkókò lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di ilé. Ẹni tí kò bá sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní wákàtí mẹ́wàá ààbọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bákan náà. Wákàtí mẹ́tàdínlógún ni òpin.

Àwa mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Ìwé ìpè á ní aago mẹ́wàá ni ìgbéyàwó, alága ìjókòó fúnra rẹ̀ á dé ní aago méjìlá, a ó sì dìde kí i pé ẹ káàbọ̀ o. Ẹni tó pẹ́ dé ibi ìdánwò á wá ẹni tó mọ ọ̀gá. Àánú ò burú. Ìlú tí kò bá ní in kò ṣeé gbé. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àánú ì bá ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ta Inada lọ́rẹ, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún ẹni tó fi ìṣẹ́jú kan pẹ́? Ẹni ìṣẹ́jú márùn-ún ńkọ́? Àwọn tí wọ́n ti dá dúró láti ọ̀sán, tí wọ́n ń wo àwọn ẹgbẹ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ, ṣé wọn ò bẹ̀bẹ̀ tó ni? Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó já wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan péré, tó ti fi ìyà bora bí aṣọ kó tó dé ibẹ̀: ohun tó fi ẹ̀jẹ̀ ọrùn rà á di ohun tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tí kò fi eré jẹun kò retí ife ẹ̀yẹ. Kò retí owó. Àwọn ọ̀gá ti wẹ̀, wọ́n ti jẹun, wọ́n lè ti sùn pàápàá, nígbà tí òun ṣì wà lójú ọ̀nà nínú òkùnkùn. Kí ló wá ní? Òṣùwọ̀n kan tí kò mọ ọmọ ẹni kankan. Bí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ìrìn gbẹ̀fẹ́ ló ṣe láti àárọ̀.

Ẹ wo Chris Nikic ti ìpínlẹ̀ Florida. Down syndrome ni wọ́n bí mọ́ ọn. Ẹni ọdún 21 ni nígbà tó jáde fún Ironman ní Panama City Beach lóṣù kọkànlá ọdún 2020. Olùtọ́sọ́nà kan bá a lọ, wọ́n so okùn mọ́ ara wọn. Èèrà bo ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti dúró sinmi. Ó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, ó sì ṣèṣe. Wọ́n fún un ní olùtọ́sọ́nà, wọn ò fún un ní ìṣẹ́jú kan lé lórí wákàtí mẹ́tàdínlógún. Wákàtí 16, ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú-àáyá 9 ló fi parí, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní Down syndrome tó ṣe é. Ká ní wọ́n fi wákàtí kan kún un ni, àwọn èèyàn ì bá ṣì pàtẹ́wọ́, àmọ́ irú àtẹ́wọ́ tí à ń pa fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ka ewì tán ni.

Ká padà sọ́dọ̀ bàbá wa. Kì í ṣe ẹni tó ti ń sáré láti kékeré. Ó ti tó ẹni 60 ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́, lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ó ti tó ẹni 70 kó tó ṣe triathlon àkọ́kọ́. Níbí, bí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún bá ní òun fẹ́ kọ́ ìwẹ̀, àwọn ọmọ á pe ìpàdé ẹbí, ẹnì kan á sì dá a lábàá pé kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀.

Lọ́dún 2016, Inada padà sí Kona, ó ti pé ẹni ọdún 83, ó sì parí kí àkókò tó pé. Ó tún lọ ní 2018, nígbà tó ku nǹkan bí oṣù kan kó pé 86. Nígbà tó kọjá ìlà, aago ń ka 16:53:49. Ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù sílẹ̀. Guinness kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dàgbà jù lọ tó parí ìdíje náà. Èsì ti ọdún 2015, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló ṣì wà.