Olùkọ́ Yorùbá Ni Wọ́n Ń Wá, Wọn Kò Fẹ́ Gbọ́ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tí mo lọ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú mi, ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Ilé-ìwé aládàáni ni, pátákó ẹnu ọ̀nà wọn sì sọ pé olùkọ́ Yorùbá ni wọ́n ń wá.

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ kí màmá tó ni ilé-ìwé náà. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé kí n dìde, pé wọn kì í sọ fanakúlà lọ́dọ̀ àwọn. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi bi mí bí n ó ṣe kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi ṣàlàyé oríkì. Nígbà tí mo pa òwe kan láti fi ṣe àpẹẹrẹ, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni màmá yìí o, ilà ojú rẹ̀ kò purọ́!

Ìbéèrè tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé, kí ni n ó ṣe bí mo bá gbọ́ tí ọmọ kan ń sọ Yorùbá ní kíláàsì? Mo ní, "Ṣé lákòókò iṣẹ́ Yorùbá náà ni, mà?" Ó ní ìgbàkígbà ni. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni pé n ó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó tún ní bí wọ́n bá gbà mí, kí n fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kí n má baà sá lọ láàrin sáà. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà, n kò ní tàn yín. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti fi jókòó sílé.

Bí mo ti jókòó síbẹ̀, T. J. Bowen ni ó ń sọ sí mi lọ́kàn. Òyìnbó Amẹ́ríkà, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni. Ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ó kọ́ èdè wa débi pé ní 1858, ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Washington tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ. Àlejò kọ́ ọ, onílé ń gba owó ìtanràn lé e lórí.

Mo gbà pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti màmá yìí nìkan. Àwọn òbí ni wọ́n ń sanwó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń rà. Ìjọba pàápàá kò dúró sójú kan. Ní 2022, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ìjọba tó tẹ̀ lé e fagi lé e, Mínísítà ní òun ló ń fa ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò. Bẹ́ẹ̀, láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò ní Ilé-Ifẹ̀: ọdún 6 ni àwọn ọmọ fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Mo sọ fún màmá pé n kò lè gba owó lọ́wọ́ ọmọ nítorí ohun tí ẹ fẹ́ gbà mí síṣẹ́ láti kọ́ ọ. Ó pa fáìlì mi dé, ó dá a padà fún mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ni ó kàn. Ó rọra bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń béèrè?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dúpẹ́, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ẹnu rẹ̀ bí yóò ṣe kí wọn.