Ìwé Àṣẹ fún Àwọn Tó Ń Wọ́ni Lára

Bí apá bá yẹ̀ tàbí tí ẹ̀yìn ń dunni ní Sábó, yálà ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọ́ni lára, tí wọ́n sì ń to eegun, ni ọ̀pọ̀ tálákà kọ́kọ́ ń lọ. Owó wọn kò ga, wọ́n sì gbọ́ èdè ẹni.

Láti ọdún 1988 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà tó ń forúkọ àwọn físíò ọsibítù sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ máa wọ́ni lára gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí 500 ní ìpínlẹ̀ Texas, 1,000 ní New York, kó tó gbàwé àṣẹ.

Òfin dára. Bí wọ́n bá di eegun tó kán le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè ṣàn débẹ̀ mọ́. Ara ibẹ̀ á kú, wọ́n á sì gé apá ọmọ náà. Ta ni yóò dáhùn fún un? Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí bàbá tó mọṣẹ́ dáadáa lọ mú ìwé mẹ́wàá wá, ìkọ̀kọ̀ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, àwọn tálákà á sì bá a débẹ̀.

Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dán iṣẹ́ ọwọ́ wọn wò ní èdè Yorùbá àti Haúsá. Kí owó ìwé àṣẹ má pọ̀. Kí wọ́n kọ́ wọn ní àmì ewu tó yẹ kí wọ́n fi tètè gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.