Ẹ Má Fi Ọ̀dà Dúdú Kun Ìbọn Olómi Ọmọdé

Agolo ọ̀dà kan ti tó láti sọ ìbọn olómi ọmọdé di ohun tó jọ ìbọn ológun. Àwọn òṣèré àti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ohun inú fíìmù a máa fọ́n ọ̀dà dúdú sára ike náà, títí tí kò fi ní sí ohun tó fi hàn mọ́ pé omi ló wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe èyí sí ohun tí ọmọ máa gbé jáde síta. Ẹni tó wà lókèèrè kò lè fọwọ́ gbé ìbọn náà wò kó mọ̀ pé ó fúyẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló rí. Ìdí nìyẹn tí òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1988 fi ní kí àmì aláwọ̀ ọsàn wà lẹ́nu ìbọn ìṣeré, ó sì dárúkọ ìbọn olómi mọ́ ọn.

Ní ìlú Cleveland, ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2014, Tamir Rice, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, ń ṣeré pẹ̀lú ìbọn ìṣeré tó ń yin ọta ike. Àmì ọsàn ẹnu rẹ̀ ti kúrò. Ẹni tó pe ọlọ́pàá sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dé etí àwọn tí wọ́n rán. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tí wọ́n dé ni ọ̀kan nínú wọn yìnbọn fún un. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá lèyí, kì í ṣe ti ọ̀dà. Òótọ́ ni pé ẹni tó yìnbọn ló gbọ́dọ̀ jíhìn. Ṣùgbọ́n lórí rédíò àwọn ọlọ́pàá náà, ẹni bí ọmọ ogún ọdún ni wọ́n pe ọmọ ọdún 12 yìí. Níbi tí wọ́n ti ń fi ojú àgbà wo ọmọ aláwọ̀ dúdú báyìí, òbí wo ló máa dúró de ìgbà tí ọlọ́pàá yóò yí padà kó tó dáàbò bo ọmọ rẹ̀?

Àwọn òṣèré náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn: ìbọn pínǹkì kò lè dẹ́rù ba òǹwòran. Òfin ìlú Ọba tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2007 ti ro tiwọn. Ó ka sísọ ayédèrú ìbọn di ohun tó jọ ojúlówó sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ka àwọ̀ tó ń tàn bíi pupa, ọsàn, yẹ́lò àti pínǹkì sí àmì ohun ìṣeré, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda fún eré orí ìtàgé àti fíìmù. Èyí bọ́gbọ́n mu, torí pé lórí ìtàgé, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé eré ni. Bí eré bá parí, kí wọ́n ti ìbọn náà mọ́ inú àpótí. Ní ti ìbọn olómi tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, tí ọmọ ṣì fẹ́ máa lò, ọ̀dà yẹ́lò tàbí ti ọsàn wà nínú agolo bíi ti dúdú. Òun ni kí ẹ rà.