Àtẹ̀jáde: Àtíbàbà Sólà Ọjà Wa Gbọ́dọ̀ Padà Sípò

Àwa oníṣẹ́ ọnà, ajórin, àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti ọlọ́jà tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ti ṣe ìpàdé gbogbogbò wa. Iye ọmọ ẹgbẹ́ tí òfin ẹgbẹ́ béèrè pé, gbogbo ẹ̀ka ló rán aṣojú wá, kò sì sí ẹni tó tako ìpinnu tó wà nínú àtẹ̀jáde yìí.

Ìpàdé yẹ ọ̀rọ̀ àtíbàbà sólà ẹnu ọjà wò. Irin àlòkù ni àwọn ajórin wa fi ṣe é, ní àwòrán igi àgbàdo mẹ́ta tó fara ti ara wọn, tí pánẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ ewé wọn. Ebè tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú wà lábẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀rọ kékeré kan ń fa omi kànga sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Iná tó bá ṣẹ́ kù ló ń mú yàrá tútù kan ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn onítòmátì ń kó apẹ̀rẹ̀ wọn sí di ọjọ́ kejì. Kí yàrá yìí tó wà, tòmátì tí kò bá tà kí ilẹ̀ tó ṣú, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, tàbí kí wọ́n dà á nù.

Àwọn aláṣẹ ìlú tú pánẹ́ẹ̀lì, wọ́n kó bátìrì lọ, wọ́n wó ebè, wọ́n sì da kọnkéré lé e. Wọn kò kọ̀wé sí ẹgbẹ́ ṣáájú. Irin nìkan ló kù níbẹ̀ báyìí. Ẹgbẹ́ bẹnu àtẹ́ lu ìwà yìí.

Ìpàdé kò gba àlàyé pé irin nìkan ni ọnà, pé ẹ̀fọ́ àti iná kò sí lára rẹ̀. Nígbà tí a ń yàwòrán iṣẹ́ náà ni a ti ṣírò ibi tí òjìji pánẹ́ẹ̀lì yóò bọ́ sí, kí oòrùn ọ̀sán má baà jó ṣọkọ. Ẹni tó bá wó ebè ti ba ère jẹ́.

Irú iṣẹ́ yìí ti wà káàkiri ayé. Ní 1982, Agnes Denes gbin àlìkámà sí ilẹ̀ éékà méjì nítòsí Wall Street ní New York, ó sì kórè rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń pè é títí di òní. Land Art Generator, tí Elizabeth Monoian àti Robert Ferry dá sílẹ̀, ti ń ṣe ìdíje láti 2010 fún ère tí yóò máa pèsè iná fún ìlú. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni Songhai ní Àjàṣẹ́, tí Àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Oko àti ilé ẹ̀kọ́ ni. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, ohun tó bá kù lẹ́yìn gáàsì sì ń padà sí oko. Ohun tí àwọn ajórin wa fi kún irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹwà.

Ní ti òfin, Òfin Iná Mànàmáná ti 2023 kò béèrè láìsẹ́ńsì lọ́wọ́ ẹni tó ń pèsè iná tí kò ju mẹ́gáwáàtì 1 lọ lójú kan. Iná àtíbàbà wa kò sún mọ́ ọ rárá.

Nítorí náà, ìpàdé pinnu pé:

Kí àwọn aláṣẹ dá pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti ẹ̀rọ omi padà láìdín, kí àwọn ajórin wa fúnra wọn tò wọ́n.

Kí wọ́n fọ́ kọnkéré náà, kí ilẹ̀ ebè jáde. Ẹgbẹ́ kò ní gba pánẹ́ẹ̀lì láìsí ebè, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gba ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn ìlú.

Kí wọ́n san owó ẹ̀fọ́ àti tòmátì tó bàjẹ́. Orúkọ àwọn tó ni ín wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe gba iṣẹ́ ère tàbí iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ìlú lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ yìí títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Àwọn aṣojú tí ìpàdé yàn nìkan ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ṣe tán láti jókòó nígbàkigbà tí a bá pè wọ́n.

Fún ẹgbẹ́:
Alága
Ìyálọ́jà
Akọ̀wé Àgbà