Kí Òjò Tó Dán Òrùlé Wò, Ẹ Má San Owó Rẹ̀ Tán

Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá máa ń sáré kan òrùlé. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro mọ̀: ilẹ̀ gbẹ, pákó gbẹ, káfíńtà kò sì ní máa sá wọlé sá jáde nítorí òjò. Bí iṣẹ́ bá parí, agbaṣẹ́ṣe á ní kí onílé wá wò ó. Onílé á dúró nísàlẹ̀, á gbójú sókè, á rí páànù tó ń dán, á sì san gbogbo owó tó kù. Lójú tèmi, ibẹ̀ yẹn gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé tí omi kò wọ̀ ni onílé sanwó fún, òjò nìkan ló sì lè jẹ́rìí sí i pé ó rí i gbà. Òjò ọ̀hún kò tíì rọ̀. Nígbà tí yóò bá fi rọ̀ dáadáa, owó ti tán lọ́wọ́ onílé, agbaṣẹ́ṣe ti wà lórí ilé mìíràn, ìpè mẹ́ta ni onílé yóò sì pè kí ó tó gbé ẹyọ kan.

Ohun tí mò ń sọ kò ju èyí lọ: kí apá kan nínú owó iṣẹ́ wà nílẹ̀ títí òrùlé náà yóò fi la ìgbà òjò kan kọjá, láti ìjì àkọ́kọ́ títí di ìparí oṣù Kẹwàá, kí àwọn méjèèjì sì ti fọwọ́ sí i kí a tó gbé pákó kankan gòkè. Àṣà yìí kì í ṣe tuntun. Bí ìjọba tàbí iléeṣẹ́ ńlá bá gbé iṣẹ́ ilé kíkọ́ síta, wọ́n sábà máa ń dá nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó dúró fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, kí agbaṣẹ́ṣe lè padà wá tún àbùkù tó bá yọjú ṣe. Ìjọba tó ní lọ́yà àti ẹnjiníà lábẹ́ ara rẹ̀ ló ń ṣọ́ra báyìí. Tíṣà tàbí ìyá ọlọ́jà tó fi èsúsú ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ilé yàrá mẹ́ta ló ń san owó tán kí ìkùukùu tó ṣú. Ẹni tí àdánù lè dá dùbúlẹ̀ jù lọ ni kò ní ààbò kankan.

Àyẹ̀wò ojú lásán kò tó. Àwọn àgbà ló kúkú ní òrùlé bo àjà mọ́lẹ̀, awọ fẹ́ẹ́rẹ́ bo inú. Ẹ wo ìṣó kan ṣoṣo. Lábẹ́ orí rẹ̀ ni rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà tó ń dí ihò tí ìṣó lu. Bí wọ́n bá gbá a jù, rọ́bà á fọ́. Bí wọn kò bá gbá a tó, á máa mì. Bó bá dagun wọlé, ẹ̀gbẹ́ kan á là sílẹ̀. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ á máa na páànù lọ́sàn-án, òtútù òru á máa fà á padà, ihò á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọgọọgọ́rùn-ún irú ìṣó bẹ́ẹ̀ ló wà lórí ilé kan. Ibi tí omi sì ti ń kán sílẹ̀ lè má jẹ́ ibi tó ti wọlé. Ó lè gba ojú ìṣó kan wọlé lókè, kó máa ṣàn wálẹ̀ lára pákó lọ sí ọ̀nà jíjìn, kó tó já bọ́ sórí àjà. Onílé á máa tọ́ka sí yàrá, agbaṣẹ́ṣe á gòkè lọ wo ibi tó bá yàrá náà mu, kò ní rí nǹkan kan, á ní òrùlé òun kò lábùkù. Lójú ara rẹ̀, kò parọ́.

Òrùlé tí wọ́n fi ògiri yí ká, èyí tí a ń pè ní párápẹ́ẹ̀tì, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páànù fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, ilé sì rẹwà láti títì, ṣùgbọ́n gbogbo omi orí ilé ló ń dà sínú gọ́tà tó wà láàárín páànù àti ògiri, dípò kí ọ̀ṣọ̀rọ̀ máa ṣàn wálẹ̀ sí gbangba. Bí gọ́tà yẹn kò bá dagẹ̀rẹ̀ tó, bí ihò tí omi ń gbà jáde bá kéré, tàbí bí ewé mángòrò bá dí i, omi á kún, á sì gba abẹ́ páànù wọlé. Ó ń dùn mí bí àwọn ènìyàn ṣe ń yan irú òrùlé yìí nítorí ẹwà rẹ̀, láìbéèrè ẹni tí yóò máa gòkè lọ kó ewé.

Ìpalára jíjò kì í sì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àbàwọ́n roboto kan á kọ́kọ́ hàn lára àjà POP, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi ti tíì, etí rẹ̀ á dúdú ju àárín lọ. Òjò kejì á fa òbìrìkìtì mìíràn yí i ká. Onílé á ní kí wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Nígbà tó bá fi di oṣù Keje, POP ti mumi yó, ó ti wúwo, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Omi ti dé ojú wáyà iná. Ẹ̀bu ti ń hù lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Pákó tó gbé páànù dúró ti ń rà. Ìdí nìyí tí òjò ẹyọ kan kò fi lè dán òrùlé wò. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń bá ìjì rìn, ó sì máa ń ṣí etí páànù tí kò lẹ̀ mọ́lẹ̀. Òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá tó ń tẹ̀ lé e ló ń fi hàn bóyá gọ́tà lè gbé omi.

Àwíjàre àwọn agbaṣẹ́ṣe lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n á ní àwọn kọ́ ló gòkè kẹ́yìn. Lóòótọ́, bí káfíńtà bá kúrò, ẹni tó ń gbé dííṣì tẹlifíṣọ̀n á gòkè, púlọ́ńbà tó ń tún táǹkì ṣe á gòkè, ẹni tó ń to sólà náà á gòkè. Ti sólà ló wá pọ̀ jù báyìí, nítorí iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ti ju agbára ọ̀pọ̀ ilé lọ. Irin tí wọ́n fi ń de sólà mọ́lẹ̀ ń lu páànù lójú púpọ̀. Wọ́n tún lè ní onílé fúnra rẹ̀ ló lọ ra páànù, tó gba gééjì 0.45 ní orúkọ 0.55 nítorí pé owó rẹ̀ rọjú. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló fi yẹ kí ìwé wà nílẹ̀. Kí agbaṣẹ́ṣe ya fọ́tò orí òrùlé lọ́jọ́ tó bá fà á lé onílé lọ́wọ́. Kó wà nínú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gòkè nígbà tí owó ṣì wà nílẹ̀, onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe agbaṣẹ́ṣe. Bí kò bá pè é, ojú ibi tí wọ́n bá lu di ẹrù onílé. Kí wọ́n wọn páànù lójú àwọn méjèèjì kí wọ́n tó kàn án. Agbaṣẹ́ṣe tó rí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó sì kàn án láìlanu ti pín nínú ẹ̀bi, nítorí ìmọ̀ràn wà lára ohun tí a ń sanwó fún.

Bí iyàn bá sì dé, ọ̀nà wà láti mọ òtítọ́ láìpariwo. Kí ẹnì kan wà nínú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹnì kejì fi họ́ọ̀sì da omi sórí páànù láti apá ìsàlẹ̀. Bí kò bá jò, kó sún họ́ọ̀sì sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé góńgó òrùlé. Ibi tí omi bá ti yọ, ibẹ̀ ni ká bi léèrè. Bí owó tó wà nídìí rẹ̀ bá pọ̀, kí ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ COREN tàbí kọ́lékọ́lé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CORBON wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Àwọn mìíràn á ní òfin ti wà. Òótọ́ ni. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, fún ẹni tó sanwó iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún iṣẹ́ tó lábùkù ṣe tàbí kí wọ́n dá apá kan owó padà. Ní Èkó, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1999 ń pẹ̀tù sí irú ìjà yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Small Claims Court tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ, ènìyàn lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀ láìgba lọ́yà, ìlànà rẹ̀ sì ni kí ìdájọ́ wáyé láàárín ọjọ́ 60. Ṣùgbọ́n gbèsè tó ní iye pàtó ni kóòtù yẹn wà fún. Iyàn lórí ẹni tó fa jíjò kò rọrùn láti gbé lọ síbẹ̀. Bí ìwé àdéhùn bá sọ pé iye báyìí ni agbaṣẹ́ṣe yóò pàdánù tí kò bá wá tún un ṣe láàárín ọjọ́ 14, ọ̀rọ̀ ti ní iye lórí. Òfin ẹ̀rí sì ní kí ẹni tó bá fẹ̀sùn kanni fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Owó tó ti jáde, onílé ni yóò máa sáré lé e. Owó tó ṣì wà nílẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ni yóò gbé àkàbà wá bá a.

Àwọn onílé kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Ẹni tó gbowó sá lọ láìfọwọ́ kan iṣẹ́ yàtọ̀, ìyẹn ti di jìbìtì. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jò, àhámọ́ kò ní dí ihò òrùlé, owó tí à bá fi ra páànù ni yóò sì lọ sí bẹ́ẹ̀lì.

Àtakò tó gbé mi lọ́kàn jù ni ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni owó ohun èlò ilé ti ń fò sókè. Agbaṣẹ́ṣe tó dá iye lé iṣẹ́ lónìí lè má rí èrè kankan nígbà tí iṣẹ́ bá fi máa parí. Ta ló fẹ́ kí ó tún dúró títí di oṣù Kẹwàá? Ẹ̀rù tó tọ́ sì ni pé onílé kan lè wá àwáwí kó má san án mọ́. Ìdí nìyí tí n kò fi ní ká fọwọ́ kan owó páànù àti pákó. Ká ní gbogbo òrùlé jẹ́ ₦4,000,000, tí owó iṣẹ́ ọwọ́ nínú rẹ̀ jẹ́ ₦800,000, ìdá kan nínú márùn-ún owó iṣẹ́, ìyẹn ₦160,000, ni kó wà nílẹ̀. Kò tó tún ilé ṣe, ṣùgbọ́n ó tó láti mú káfíńtà padà wá. Bí agbaṣẹ́ṣe bá fi díẹ̀ kún iye rẹ̀ nítorí ìdúró yìí, kí onílé má bínú. Kí owó náà má sì wà lọ́wọ́ onílé: kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí àwọn méjèèjì fọkàn tán. Bí onílé kò bá fi ẹ̀sùn àti fọ́tò ránṣẹ́ kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá tó pé, owó di ti agbaṣẹ́ṣe láìjanpata.

Wọ́n á ní ará ìjọ ni, tàbí ọmọ bàbá ẹni, pé ìwé yóò ba ìfẹ́ jẹ́. Ìjà tó ń tú ẹbí ká lórí òrùlé tó jò burú ju ìtìjú ọjọ́ tí a fọwọ́ sí ìwé lọ. Bí ẹnu kò bá gbà á láti sọ ọ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wọlé, bí a bá tẹ̀ lé ìlànà tó là sílẹ̀.

Ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà ni mo rò pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní alága, wọ́n ń gba owó ẹgbẹ́, wọ́n sì ń bá ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣe àìdáa wí. Ojú ewé kan ní èdè Yorùbá tó: iye owó, gééjì páànù, irú pákó, ọjọ́ tí a fa ilé lé onílé lọ́wọ́, iye tó wà nílẹ̀, ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí yóò jáde. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀ tó wọlé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni n ó máa júwe fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kan òrùlé.