Ìgbà tí tòmáàtì bá wọ́n kọ́ là ń gbìn ín

Oṣù Kẹfà dé, tòmáàtì tún ti wọ́n. Àwọn tó ń ra odindi apẹ̀rẹ̀ lọ́jà Bódìjà àti ti Máìlì 12 lóṣù mélòó kan sẹ́yìn ti ń dúnàá dúrà lórí èyí tó ti rọ̀. Ìmọ̀ràn orí rédíò kò sì yàtọ̀ sí tèṣí: ẹ gbìn ín sẹ́yìnkùlé yín. Ìmọ̀ràn náà dára. Àsìkò tí wọ́n ń mú un wá ni mo ń bá jà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Hóró tí ẹ fọ́n lónìí á lo bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 nínú ike kó tó ṣeé lọ́ síbòmíì. Lẹ́yìn náà, á tún tó ọjọ́ 60 sí 80 kí èyí àkọ́kọ́ tó pọ́n. Nǹkan bí Oṣù Kẹsàn-án nìyẹn, nígbà tí owó rẹ̀ sábà máa ń ti wálẹ̀. Kó tó dìgbà náà, òjò á ti lù ú bolẹ̀. Ewé tí kò ráyè gbẹ ni àrùn ń wá. Ẹrẹ̀ á ta sí i lábẹ́, àmì dúdú á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á sì máa gòkè.

Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ tòmáàtì tí à ń jẹ ti ń wá, wọ́n ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ti ẹ̀ẹ̀rùn ti tán, tuntun kò tíì dé. Ti ọdún tí ara tù wá nìyẹn o. Lọ́dún 2016, kòkòrò Tuta absoluta ba oko jẹ́ ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lórí tòmáàtì. Ebola tòmáàtì làwọn èèyàn ń pè é. Lọ́dún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò Òkè Ọya dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró. Tiwọn ń jẹrà lọ́hùn-ún, ìkòkò tiwa ń wá a níhìn-ín.

Ẹni tó bá fẹ́ já tirẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà, Oṣù Kejì ni kó fọ́n hóró, nígbà tó pọ̀ lọ́jà tí kò sẹ́ni tó ń rò ó. Ìyà wà níbẹ̀, n kò ní purọ́. Ẹ ó pọnmi. Òru Oṣù Kẹta àti Ìkẹrin máa ń móoru, òdòdó tòmáàtì sì ń já dànù bí òru bá gbóná jù, nítorí náà kò ní so tó ti ìgbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ tó bá so, àsìkò tí owó rẹ̀ ga ló máa bọ́ sí.

Abẹ́ òrùlé tí òjò kì í fẹ́ dé, tó sì ń rí oòrùn dáadáa, ni kí ẹ gbé e sí. Àpò ìrẹsì tó, garawa tó ti jò náà tó, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tuntun tí ẹ po mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa. (Ẹni tó ti fi ìntálọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá rẹ̀, òun náà ni mo ń bá wí.) Àpò tún ń gbà yín lọ́wọ́ àrùn inú ilẹ̀ tó ń mú kí gbogbo igi rọ nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ibi tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má gbin ata tàbí ìgbá síbẹ̀. Ẹbí kan náà ni wọ́n.

Ní tèmi, n ò kẹ́gàn tòmáàtì tó ń hù fúnra rẹ̀ níbi tí wọ́n ń da omi ìfọta sí. Èso rẹ̀ lè kéré, ó lè má jọ ìyá rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó kẹ́ ẹ tó fi yè.

NIHORT, ilé ìwádìí nípa èso àti ẹ̀fọ́, ti wà ní Ìdí-Ìṣin n'Ìbàdàn láti ọdún 1975. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ lè lọ bá wọn sọ̀rọ̀ irúgbìn tó ń fara da ooru, kó mú un hù, kó sì pín in fáwọn onílé àti ayálégbé nínú Oṣù Kẹta, dípò kó máa pe oníròyìn jọ nínú Oṣù Kẹfà.

Bí ẹ bá ti ra irúgbìn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ dé e pa, kí ẹ gbé e síbi tó tutù. Ẹ fi òjò yìí gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ẹ ó ti máa já a.